Ibi Dúdú Tí Iná Ò Wọ̀

Ìsọ̀ Bátìrì,
Ọ̀kánkán Garéjì,
Ore.

Ọmọ́wùmí, ọmọ mi, ìyá mi, ẹni tí mo fi òórùn ásíìdì tọ́ dàgbà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Dírẹ́bà tí o fi rán kò sọ ọ́ nù, ó sì jẹ púpurú mi yó kó tó kọjá lọ sí Benin. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, inú bí mi. Lẹ́ẹ̀kejì, inú bí mi sí i. Ìgbà kẹta ni mo wá rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi, mo mú bírò. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ń ríran dáadáa lónìí.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ fún ọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Oṣù keje rèé tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí yẹn n'Íbàdàn. Iṣẹ́ rẹ ni pé kí o máa fi awò àti ìmọ́lẹ̀ wo inú bátìrì kékeré, èyí tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, kí o rí bí iná ṣe ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ti ní kí wọ́n kó irú bátìrì bẹ́ẹ̀ wá láti òkè òkun, kí wọ́n fi sínú àtùpà ọwọ́ tí wọ́n máa pín fún àwọn ilé ìgbẹ̀bí ní abúlé. Ilé ìwádìí yín ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé bátìrì náà dára. Ìwọ wò ó, o rí i pé kò dára. Ọ̀gá rẹ wá ní kí o kọ ọ́ pé ó dára, kí o sì fọwọ́ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kọ́nfámù rẹ. O bi mí pé, "Màmi, kí ni kí n ṣe?"

Má fọwọ́ sí i.

Ó tán. Mo ti dáhùn. Bí o bá ń kánjú, ká lẹ́tà náà síbí kí o lọ jẹun. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo bí. Láti kékeré ni o ti ń fi "kí ló dé" da mí láàmú, o ò ní sùn bí mi ò bá sọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà fa àga súnmọ́ tábìlì, ọ̀rọ̀ mi gùn.

Ní ọdún Àjíǹde tó kọjá, orí àpótí inú ìsọ̀ mi ni o jókòó sí tí o fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. O ní èédú kan wà nínú bátìrì ọ̀hún, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsùlù, tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì tẹ́ pẹlẹbẹ. O ní ẹ ṣí ojú fèrèsé kékeré kan sí ara bátìrì, ẹ fi gíláàsì dí i, ẹ sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti òkè. Bí iná bá ṣe ń wọ èédú náà ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí. Dúdú ni tẹ́lẹ̀. Á di búlúù, á di pupa, nígbà tó bá kún tán á di àwọ̀ wúrà. Mo pariwo, "Wúrà kẹ̀? Nínú èédú?" Ìwọ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí o má rín mi, èmi náà ń fi àwọ̀ mọ iná. Ìgò onírọ́bà tí mo fi ń fa ásíìdì bátìrì ọkọ̀ wò, ṣebí nǹkan kan ń léfòó nínú rẹ̀ tó ní àwọ̀ mẹ́ta? Bó bá dúró sí pupa, bátìrì ti ṣófo. Bó bá dúró sí funfun, ó wà láàárín. Bó bá dúró sí àwọ̀ ewé, ó kún. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ìwọ ń ṣe, Ọmọ́wùmí. Tìrẹ ló kàn kéré, tó sì jẹ́ pé ẹ máa ń wẹ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Mo rí wúrà náà. Mo sì rí ibi dúdú mẹ́ta láàárín rẹ̀. O kọ ọ́ pé bó ti wù kí ẹ ṣáàjì í pẹ́ tó, ibẹ̀ kì í yí àwọ̀, àti pé iná tí kò rí ọ̀nà wọ ibẹ̀ ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń hù bí ẹ̀gún wẹ́wẹ́. O ní bí ẹ̀gún yẹn bá gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín bátìrì, á gbóná, á sì gbiná. Méjì ti gbiná lórí tábìlì yín. Irú nǹkan báyìí ni wọ́n fẹ́ kó fún agbẹ̀bí kó máa gbé e dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ aboyún? Èèwọ̀!

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá láti Odigbo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi náà ni mo ti ránṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo rò pé á bá mi bínú sí wọn. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tán tó ti ń pariwo.

"Ìyàwó wa, ọmọ yẹn fẹ́ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́! Ìwé lásán ni. Kó fọwọ́ sí i. Ta ní ń bá ṣọ́jà jà?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Bàbá, kò bá ṣọ́jà jà. Ohun tó rí ló ní òun rí."

"Tí wọ́n bá lé e ńkọ́? Ṣé o mọ iye ọmọ tó ti jáde yunifásítì tó ń wa ọ̀kadà kiri Ore yìí?"

"Mo mọ̀ wọ́n, Bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra omi bátìrì."

Mo na fọ́tò sí i. Ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀. "Kí lèyí? Ṣé gúgúrú ni?" Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi bú sẹ́rìn-ín, n kò lè mú un mọ́ra. Mo fi ibi dúdú hàn án, mo ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé fún mi. Ó wò ó, ó wá ní, "Mẹ́ta péré! Gbogbo èyí tó kù pọ́n dẹ̀dẹ̀, nítorí ibi mẹ́ta péré lẹ fi fẹ́ pàdánù iṣẹ́ ìjọba?"

Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ yẹn, "péré" yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí, ẹnì kan sì sanwó rẹ̀ fún mi. N ó dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn, kí bírò lè mọ́ mi lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́. Nígbà tí bàbá rẹ kú, mi ò pò ásíìdì rí láyé mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń wo bó ṣe ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin garéjì wá kí mi, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n sì ní kí n ta ìsọ̀ náà, pé obìnrin kì í ṣiṣẹ́ ásíìdì, pé ó máa ń ba oyún jẹ́. Mo ní, "Oyún ta ni? Ẹni tó lè fún mi lóyún ti wà nínú sàréè." Wọ́n ní mo ya aláìlójútì. Mo ṣí ìsọ̀ náà ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n agídí kì í ṣe ọgbọ́n, nítorí oṣù yẹn gan-an ni mo gbé omi, tí mo dà á lé ásíìdì lórí. Ó hó sókè, ó ta sí mi lápá òsì. Àpá tí o máa ń fi ìka tọ nígbà tí o wà ní kékeré nìyẹn. Ásíìdì là ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi lé ásíìdì.

Bí o bá fẹ́ lọ bá ọ̀gá rẹ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ le, ó sì yẹ kó le, àmọ́ wá omi púpọ̀ sílẹ̀ kí o tó dà á. Lọ ní àárọ̀ kí ojú rẹ̀ tó kan. Kí i. Béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Dúpẹ́ pé ó gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí ìjọba ń lé òṣìṣẹ́, nítorí òun ló gbà ọ́ lóòótọ́, a kì í ṣe aláìmoore. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí." Bó bá pariwo, kúnlẹ̀. Bó bá tún pariwo, má dìde. Orúnkún kì í kú. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ sí i.

Ìkejì. Gbogbo wa ní garéjì yìí ló máa ń fi wáyà kan orí méjèèjì tí bátìrì ní. Bó bá ṣáná, a ó ní, "Háà, ó gbóná!" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ó fi tó oṣù mẹ́fà. Irọ́ ni. Bátìrì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lè ṣáná débi tí o máa fò sẹ́yìn. Èyí tó ń ta pàrà yẹn kọ́ ni èyí tó máa gbé ẹ́ńjìnnì. Máa rántí rẹ̀ bí wọ́n bá fi òyìnbó ńlá dẹ́rù bà ọ́, tàbí bí ṣọ́jà bá wọlé tòun ti bàtà tó ń dán. Rántí rẹ̀ pẹ̀lú lórí ọmọkùnrin Oǹdó tó jẹ́ tíṣà yẹn, tí lẹ́tà rẹ̀ ń rùn bíi lọ́fíńdà. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀? Mi ò ní kí o má fẹ́ ẹ. Mo ní kí o wò ó bí mo ṣe ń fa ásíìdì bátìrì ọkọ̀ wò, ní ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìkẹta, kò gùn. Ní ìwé kékeré tìrẹ. Ohun tí o bá rí, kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́ ohun tí o rí. Mú un wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, má fi í sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ wọn. Fọ́tò náà, ya méjì.

Wàyí o, ìyá mi, jókòó dáadáa. Èyí tí mo ń bọ̀ wá sọ yìí, bàbá rẹ ò gbọ́ ọ nítorí ó ti kú. Pásítọ̀ ò gbọ́ ọ. Ìwọ lo kọ́kọ́ máa gbọ́ ọ.

O mọ àṣà wa níbí. Kò sí dírẹ́bà tó ń béèrè bóyá bátìrì òun kún. Ẹni tó ṣáàjì í ló máa fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé Ó KÚN, á sì fi àmì tirẹ̀ sábẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ni dírẹ́bà máa wò, á gbé bátìrì rẹ̀, á lọ. Bátìrì tí kò bá ní ṣọ́ọ̀kì, kò sẹ́ni tó máa gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ ṣọ́ọ̀kì sí èyí tí kò kún, ó ti ba orúkọ gbogbo wa jẹ́.

Ọdún kejì ikú bàbá rẹ ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni o. Ìjọba ológun ti ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, ìgbànú sì ti wọ ìfun. Bátìrì tuntun kọjá agbára ẹnikẹ́ni, ló bá di pé òkú bátìrì là ń jí dìde. Dírẹ́bà kan wà tó ń jẹ́ Délé, ọmọ Odigbo, tó máa ń fi lọ́rì kó pákí àti epo pupa lọ sí Benin. Ó gbé bátìrì rẹ̀ fún mi, ó wá gbà á ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ọyẹ́. Mo fa ásíìdì inú rẹ̀ wò, ihò kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún bọ́ sí àwọ̀ ewé. Ìkẹfà dúró sí pupa. Mo tún un fà, pupa ni. Òjé inú rẹ̀ ti jẹrà.

"Màmá, ẹ dá mi lóhùn, èrò ti kún ọkọ̀!" Délé ń pè láti ojú títì.

Bí mo bá sọ fún un pé ihò kan ti kú, á gbé e lọ bá ọkùnrin òdìkejì ọ̀nà. Ọkùnrin yẹn sì ti ń sọ ọ́ kiri pé opó ò ní lo ọdún méjì nídìí iṣẹ́ yìí. Ìgbéraga ni, Ọmọ́wùmí. Kì í ṣe ebi. Mi ò fẹ́ kó rí mi fín. Mo ní sí ara mi pé, "Ihò kan péré nínú mẹ́fà." Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo kọ ọ́.

Ó fi wáyà kàn án, ó ṣáná, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Lẹ́yìn afárá, èrò kan ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Délé dúró, ẹ́ńjìnnì kú. Ó ṣí i títí, kò jí. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ò tàn. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà bámúbámú. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti tì í pẹ̀lú àwọn èrò, ibẹ̀ ni tírélà ti yọ. Àwọn èrò fò sínú igbó. Òun ni kò ráyè fò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, láti òkè orúnkún, ọsibítù ni wọ́n ti gé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n wọ́ lọ́rì náà wá síwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo wa lọ wò ó. Bátìrì ṣì wà nídìí rẹ̀, ó ti sán, ọwọ́ mi sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà: Ó KÚN. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo fi etí ìró mi nù ún kúrò. Ásíìdì tó ń jò jẹ ìró náà, ó dá ihò sí i. O bi mí nígbà yẹn pé kí ló jó aṣọ mi, mo ní áyọ́ọ̀nù ni.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹbí wọn pe ìpàdé ní Odigbo, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Délé dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń sunkún. Ó ní, "Bátìrì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ni. Mo fi ojú ara mi rí ṣọ́ọ̀kì. Bátìrì tó kún kì í dédé kú lójú ọ̀nà. Ọwọ́ ayé ni!" Ìyàwó kékeré bàbá rẹ̀ kan wà, Ìyá Rúùtù, opó bíi tèmi. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni òun àti Délé jà lórí ẹyìn tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì ti sọ pé, "Ọlọ́run á dájọ́ láàárín wa." Wọ́n mú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sọ ọ́ di èpè. Obìnrin náà gbé Bíbélì lé orí, ó búra. Wọn ò gbà.

Àgbà kan wá kọjú sí mi. "Ìyá Ọmọ́wùmí, ìwọ lo ṣáàjì bátìrì yẹn. Ṣé ó kún?"

Gbogbo ilé ń wò mí. Ìyá Rúùtù ń wò mí. Bí mo bá sọ pé kò kún, ọ̀rọ̀ tán, obìnrin yẹn á lọ sí iyàrá rẹ̀ lọ sùn.

Mo ní, "Ó kún, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré náà ni. Kó tó di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìyá Rúùtù ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ sí Ago Alaye, níbi tí kò ti ní ìbátan kankan. Láti ìgbà yẹn, mi ò kọ ṣọ́ọ̀kì sí bátìrì kan tí mi ò wò ní ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo Ore sì ń yìn mí pé kò sí olóòótọ́ bí èmi. Ìyìn yẹn ń jẹ mí nínú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èmi ò gbà. Ọdún mọ́kànlá rèé, òtítọ́ ò sáré lé mi. Ó jókòó sójú kan ni, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n fẹsẹ̀ ara mi wá. Nítorí náà má ṣe sọ fún ara rẹ pé bó pẹ́ bó yá wọ́n á rí i. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ìwọ nìkan lo ní awò.

Mo kọ ọ́ dé ibí ní ọjọ́ Ajé, ojú ara mi wá tì mí. Mo ń ní kí ọmọ mi kọ̀ fún ṣọ́jà, èmi alára ò lè kọjú sí dírẹ́bà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ṣé irú ìyá báyìí náà ló ń gbani nímọ̀ràn? Mo fi bírò sílẹ̀.

Ọjọ́rú la wà yìí. Mo tún ti mú un.

Ní àná ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo. Délé jókòó síwájú ilé, ó ń rán àpò kòkó. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ẹni tí mo lè bí. Ó fò ní ìjókòó, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí o?" Mo sọ ọ́ fún un. Ihò kẹfà, ṣọ́ọ̀kì, etí ìró, ìpàdé, gbogbo rẹ̀. Ó ń rán àpò náà lọ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, bíi pé etí rẹ̀ ò gbọ́. Ó wá ju abẹ́rẹ́ nù, ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pariwo orúkọ Ọlọ́run débi pé àwọn ará ilé sáré jáde. Mo ní kó nà mí. Ó ní, "Kí n nà yín kí ara lè tù yín, àbí? Ẹ dìde! Kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún."

Orí ọ̀kadà kan náà ni àwa méjèèjì gùn lọ sí Ago Alaye, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan mi.

Ìyá Rúùtù ti di arúgbó gan-an. Ó ń bó pákí. Nígbà tó rí Délé, ńṣe ló sún sẹ́yìn lórí àpótí, bí ẹni tí wọ́n tún fẹ́ wá lé. Mo dojú bolẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Mo ń retí èpè, mo ti múra sílẹ̀ láti ṣe àmín rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ní:

"Ọdún mọ́kànlá. Mo máa ń bi ara mi pé, àbí mo ṣe é lójú oorun ni, tí mi ò mọ̀?"

Délé bú sẹ́kún. Èmi ò lè sunkún. Ọmọ́wùmí, mo ti rò pé ilé nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mi ò mọ̀ pé mo ti jẹ́ kó máa bẹ̀rù ara rẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì béèrè. Délé ní òun á padà wá lọ́jọ́ Àìkú láti wá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Odigbo, bó bá gbà. Ìyá Rúùtù ní òun á rò ó.

Ọ̀rọ̀ ti dé Ore kí n tó dé. Láàárọ̀ yìí, dírẹ́bà mẹ́rin ti wá gbé bátìrì wọn kúrò nínú ìsọ̀ mi, wọ́n sọdá sí òdìkejì ọ̀nà. Kí wọ́n máa sọdá. Mo ṣí ilẹ̀kùn mi sílẹ̀ gbayawu, mo gbé àga síwájú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ìwé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ wò mí, kó wá wò mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti ránṣẹ́ pé mo ti dójú ti ìdílé. Mo ní kí wọ́n kí i fún mi.

Nítorí náà, bí wọ́n bá lé ọ, wọ ọkọ̀ kí o máa bọ̀ nílé. A ó jọ jẹ ohun tó bá wà. Bí ṣọ́jà bá ní ta lo gbójú lé tí o fi ń ṣe agídí, sọ fún un pé obìnrin kan wà ní Ore tó bí ọ, kó wá bá a.

Bí àtùpà yẹn bá gbiná lọ́wọ́ agbẹ̀bí kan ní abúlé, ta ló máa sọ fún un pé bátìrì ni? Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ò dára. Wọ́n á ní àjẹ́ ni. Òun náà á gbà á gbọ́. Lọ kọ ohun tí o rí, ọmọ mi, kí obìnrin kan má baà fi gbogbo ayé rẹ̀ máa bi ara rẹ̀ ní ohun tí ìwọ ti mọ̀.

Èmi ìyá rẹ ni,
Ìyá Ọmọ́wùmí.